Ohun tí bírò títẹ̀ kọ́ mi nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yíya àwòrán ẹ̀rọ, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó tì mí. Màá gbé bírò títẹ̀ lé e lọ́wọ́, màá ní, "Ìgbà wo gan-an ni ẹnu bírò yìí ń dúró sí ìta?" Ọ̀pọ̀ wọn á ní ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má sì gbé ọwọ́ kúrò: ẹ ó rí i pé ẹnu rẹ̀ yọ ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀. Kò tíì dúró síbì kankan nígbà náà. Ìgbà tí àtàǹpàkò bá ń kúrò, tí sípíríǹgì ń ti gbogbo rẹ̀ padà, ló tó wọ àyè tí yóò dúró sí.

Mo fi ìbéèrè yẹn ṣáájú nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwòrán ti ń bàjẹ́. Agbára tí èèyàn ń fi sínú ẹ̀rọ là ń wò, a kì í wo ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà ń gbà padà. Nínú bírò, ìpadàbọ̀ gan-an ni iṣẹ́. Àtàǹpàkò kàn ń fún sípíríǹgì ní okun ni; sípíríǹgì ló ń ṣe ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká tú u, ká sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ nígbà tí a bá ń tú u, torí sípíríǹgì rẹ̀ mọ̀ ọ́n fò, tó bá sì fò, abẹ́ tábìlì ni ẹ ó ti máa wá a. Bọ́tìnnì wà lókè, eyín ṣóńṣó-ṣóńṣó sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Abẹ́ bọ́tìnnì ni ike kékeré kan wà tí àwa ń pè ní kámù, tó ní ìyẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lára. Ọ̀pá íńkì wà lábẹ́ kámù, sípíríǹgì sì wọ ọ̀pá náà lọ́rùn nítòsí ẹnu bírò. Nínú ara bírò fúnra rẹ̀, lápá òkè, wọ́n ṣe ebè àti poro yí i ká bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Poro kan jìn, èyí tó tẹ̀ lé e kò jìn, èyí tó tún tẹ̀ lé e jìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ títí wọ́n fi pàdé. Ìdí ebè kọ̀ọ̀kan kò tẹ́jú, wọ́n gé e ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Nígbà tí ìyẹ́ kámù bá wà nínú poro tó jìn, kámù gòkè dáadáa, ọ̀pá íńkì sì wọlé. Ẹ tẹ bọ́tìnnì. Eyín rẹ̀ ti kámù sísàlẹ̀, àmọ́ wọn ò fi eyín náà ṣe déédéé pẹ̀lú orí kámù; wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé kámù ń fẹ́ yí ní gbogbo ìgbà tí a bá ń tì í. Ebè tó wà lọ́tùn-ún lósì ni kò jẹ́ kó yí. Tó bá wá sọ̀ kalẹ̀ tán, tó kọjá ìdí ebè, kò sí ohun tó ń dá a dúró mọ́: á yọ̀ fìrì, á sì jókòó sínú eyín bọ́tìnnì. Ẹ wá gbé ọwọ́ kúrò. Sípíríǹgì tì í sókè, ìyẹ́ rẹ̀ pàdé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìdí ebè, ó yọ̀ lórí rẹ̀, ó tún yí sí i, ó sì bọ́ sínú poro tó kàn, èyí tí kò jìn. Kò lè gòkè mọ́. Ẹnu bírò ti wà níta nìyẹn. Tí a bá tún tẹ̀ ẹ́, poro tó jìn ló kàn, ẹnu á sì wọlé.

Ẹ wò ó dáadáa: kámù kì í padà sẹ́yìn. Apá kan ṣoṣo ló ń yí sí. Bí ìyẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rin, poro mẹ́jọ ló wà, ó sì ń yí ní dígírì 45 ní ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, dígírì 60 ni. Iléeṣẹ́ Parker lo irú yíyí yìí dáadáa nínú bírò Jotter tí wọ́n gbé jáde ní 1954: ọ̀pá íńkì ń bá a yí, kí bọ́ọ̀lù ẹnu rẹ̀ àti ibi tí bọ́ọ̀lù náà jókòó sí má baà jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí bírò tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, ẹ fi máákà kán àmì sára kámù, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kó dún. Ohun tí ẹ ó rí nínú ìtẹ̀ kan yẹn ju ohun tí àwòrán mẹ́wàá yóò fi hàn yín lọ.

Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Kámù gbọ́dọ̀ lè yọ̀ lórí rẹ̀, ohun tó sì ń bá a jà ni friction, ìyẹn bí ara ike kan ṣe ń di ara èkejì mú. Bí òǹkà friction láàárín wọn bá jẹ́ 0.3, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò bá tó nǹkan bíi dígírì 17 kò ní jẹ́ kó yọ̀ rárá, bó ti wù kí sípíríǹgì le tó. Ẹ gbọ́ apá tó gbẹ̀yìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí kámù bá há, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sí gbogbo wa lẹ́nu ni pé ká fi sípíríǹgì tó le sí i. Àmọ́ bí sípíríǹgì ṣe ń tì í síwájú sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni friction ń pọ̀ sí i, wọ́n jọ ń lọ sókè ni. Igun ló yẹ kí ẹ tún ṣe, tàbí kí ẹ pààrọ̀ ike.

Ṣé ká wá mú kí igun náà ga gan-an, kí ọkàn wa balẹ̀? Ẹ bá mi ṣírò. Kámù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6, àyíká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 19. Tí a bá pín in sí mẹ́jọ, ìṣísẹ̀ kan jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 2.4. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ṣoṣo bá ní láti gbé e kọjá gbogbo ìyẹn ní dígírì 45, yóò ga tó mìlímítà 2.4, ní dígírì 60, yóò ga tó 4.1. Àtàǹpàkò ẹni tó ń kọ̀wé ni yóò rin gbogbo gíga yẹn. Bírò tí ìrìn bọ́tìnnì rẹ̀ bá ti gùn jù máa ń dà bí ohun ìṣeré lọ́wọ́, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi àwọ̀ tó dára bò ó mọ́lẹ̀.

Sípíríǹgì ní tirẹ̀ ní òfin kan tí mo fẹ́ kí ó wà lórí yín kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Bí wáyà rẹ̀ ṣe nípọn tó ni a máa ń fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ìṣirò líle rẹ̀. Wáyà tó bá nípọn sí i ní ìdá 10 nínú 100, líle sípíríǹgì náà á lọ sókè ní nǹkan bí ìdá 46. Nítorí náà, ẹ má fi ìnípọn wáyà ṣe àtúnṣe kékeré. Iye òrùka rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe é, torí ìyẹn kì í fò bẹ́ẹ̀: bí òrùka bá ṣe ń pọ̀ sí i ni sípíríǹgì ń rọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n òrùka náà ní wàhálà tirẹ̀. Àpẹẹrẹ bírò kan wá sórí tábìlì wa níbi iṣẹ́ rí, gbogbo ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ní ó rọ̀ lọ́wọ́ bí òwú, àmọ́ kò dún, kò sì dúró. A wọn eyín, a wọn kámù, gbogbo rẹ̀ pé. Ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gé ẹ̀gbẹ́ ara bírò náà tí a sì tẹ̀ ẹ́ lójú ara wa ni ọ̀rọ̀ yé wa. Wọ́n ti fi òrùka kún sípíríǹgì kó lè rọ̀, òrùka náà sì ti pọ̀ débi pé wọ́n ń pàdé ara wọn, wọ́n di ohun líle kan ṣoṣo, kí kámù tó kọjá ìdí ebè. Ohun tó kù kí ó kọjá kò tó ìnípọn káàdì ìpè. Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá gbé sípíríǹgì tuntun wá, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni bó ṣe ga tó nígbà tí gbogbo òrùka rẹ̀ bá fara kanra.

Ọ̀rọ̀ àlékún ìwọ̀n náà wà níbẹ̀. Kò sí ike kan tó ń jáde látinú mọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń mọ ike, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gẹ́ẹ́ bí àwòrán ṣe wí. Bí ohun mẹ́rin bá to ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fi mìlímítà 0.1 gùn jù tàbí kúrú jù, àpapọ̀ rẹ̀ lè di 0.4 lọ́jọ́ tí gbogbo wọn bá ya síbì kan náà. Ọ̀pá íńkì sì lè jẹ́ pé iléeṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ISO 12757, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún bírò alábọ́ọ̀lù àti ọ̀pá íńkì rẹ̀, fi ní ìwọ̀n ọ̀pá íńkì nínú, kí ọ̀pá íńkì láti ibi kan lè wọ bírò tó wá láti ibòmíràn. Ẹ fún kámù ní àyè láti kọjá ìdí ebè pẹ̀lú ọ̀pá tó kúrú jù lọ, kì í ṣe pẹ̀lú ọ̀pá tó wà lórí àwòrán yín.

Ihò ẹnu bírò náà ń fẹ́ sùúrù. Tó bá fún jù, ọ̀pá á máa ha ibẹ̀, sípíríǹgì ò ní lè dá a padà. Tó bá fẹ̀ jù, ẹnu á máa mì kọkọkọ lórí ìwé, ẹni tó ń kọ ọ́ á sì gbà pé bírò yẹn kò dára, kódà bí íńkì rẹ̀ bá ń ṣàn bí omi.

Nípa ike, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ike tí wọ́n ń pè ní POM ni mo fẹ́ràn fún kámù: ó le, ó ń yọ̀, kì í tètè jẹ. Ẹ má fi irú kan náà ṣe kámù àti ibi tó ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹ bá lè yẹra fún un. Kí ẹ sì rántí pé sípíríǹgì ń ti kámù nígbà gbogbo, bírò ìbáà wà ní títì tàbí ní ṣíṣí, torí náà ìyẹ́ tó bá tín-ín-rín lè rọra tẹ̀ kó má sì padà mọ́. Ohun tí mo gbádùn jù nínú ebè àti poro yẹn ni pé apá kan náà ni gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọn kọjú sí. Irin inú mọ́ọ̀dù ń jáde tààrà láì há síbì kankan. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan ìyẹn mọṣẹ́.

Ohun kan tún wà tó ṣáájú gbogbo èyí. Kì í ṣe bọ́tìnnì ló jẹ́ kí bírò títẹ̀ ṣeé ṣe, íńkì ni. John J. Loud ti gba ìwé àṣẹ lórí bírò alábọ́ọ̀lù ní 1888, tó fẹ́ fi máa sàmì sára awọ, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ìwé kíkọ. Ọdún 1938 ni László Bíró gba tirẹ̀, òun àti arákùnrin rẹ̀ György ló sì ṣiṣẹ́ lórí íńkì tó ki, tí kì í tètè gbẹ ní ẹnu. Íńkì bẹ́ẹ̀ kò nílò ìdérí, ìyẹn ló fi lè máa wọlé tó ń jáde nínú ihò tó ṣí sílẹ̀. Nígbà tí Pilot fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún kálàmù oníńkì olómi ní 1963, èyí tí wọ́n pè ní Capless, wọ́n ní láti fi ilẹ̀kùn kékeré sí ẹnu rẹ̀ tí yóò máa pa dé nígbà tí ṣóńṣó rẹ̀ bá wọlé, kí íńkì má baà gbẹ. Tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe ẹ̀rọ títẹ̀ fún nǹkan tuntun, ohun tó wà nínú ọ̀pá ni kí ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n.

Ìró rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ni ìgbà tí sípíríǹgì bá ju kámù mọ́ òpin poro. Àwọn èèyàn ń fi í mọ bírò tó dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan ìkọ̀wé rárá. Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ ìtẹ̀ tí bírò kan ń jẹ láyé rẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwé kíkọ. Ọwọ́ ẹni tí ìpàdé ti sú ló ń jẹ wọ́n. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ yàwòrán fún.

Oríṣi mìíràn pọ̀. Èyí tí a ń yí dípò kí a tẹ̀ ẹ́ wà. Èyí tó ní ìkọ́ tó ń yọ sí fèrèsé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a fi ń tẹ ẹ̀gbẹ́ náà kó tó padà, wà. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí ìkọ́ tí a fi ń há wọn mọ́ àpò so mọ́ ẹ̀rọ náà, tó jẹ́ pé bí a bá fi kọ́ àpò, ẹnu á wọlé fúnra rẹ̀. Mo kí ẹni tó gba ẹ̀wù àwọn èèyàn là yẹn.

Ẹ lọ wá bírò aláwọ̀ mẹ́rin kan tú, irú èyí tí Bic gbé jáde ní 1970. Kò sí kámù tó ń yí níbẹ̀. Sípíríǹgì mẹ́rin, bọ́tìnnì mẹ́rin, ihò ẹnu kan ṣoṣo, ọ̀pá tóóró-tóóró tó ní láti tẹ̀ kí wọ́n tó bá ihò náà. Ẹ ti pupa sísàlẹ̀ kó kọ́, kí ẹ wá máa ti dúdú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tí ìdí dúdú ti ń kan ìdí pupa nínú, kí ìkọ́ pupa tó yọ.