Ohun tí mo kọ́ nípa yíya ẹja tó jọra sọ́tọ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹja, tí wọ́n sì rán wá sí Ẹ̀pẹ́ láti wá kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọn yóò gbé lé yín lọ́wọ́ ni pé kí ẹ máa kọ irú ẹja tí àwọn apẹja bá kó gúnlẹ̀ sínú ìwé. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo iṣẹ́ náà. Bí a bá ń kọ irú ẹja mẹ́ta pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú wọn lè máa tán lọ nínú ọ̀sà Lẹ́kkí kí ìwé wa má sì fi hàn rárá.

Àwọ̀ àti ìtóbi kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọ̀ ẹja a máa yí padà bí omi tó ń gbé bá ṣókùnkùn tàbí tó bá mọ́, a máa yí padà nígbà tí ẹja bá fẹ́ yé ẹyin, a sì máa ṣá lẹ́yìn tí ó bá ti kú tí ó wà nínú yìnyín. Ìtóbi ní tirẹ̀ ń tẹ̀lé ọjọ́ orí àti oúnjẹ. Ohun tí ẹ lè gbára lé ni ibi tí lẹbẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, iye ọ̀pá tín-ín-rín tó wà nínú lẹbẹ náà, àti ohun tó wà lábẹ́ ìdérí ibi tí ẹja fi ń mí.

Ẹ mú àrọ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ní ọjà Olúwo, ẹ óò rí Clarias gariepinus àti Heterobranchus nínú agbada kan náà, orí àwọn méjèèjì pẹlẹbẹ, irùngbọ̀n mẹ́jọ mẹ́jọ ló sì wà lẹ́nu wọn, nítorí náà kíkà irùngbọ̀n kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀yìn wọn ni kí ẹ wò. Lẹbẹ ẹ̀yìn Clarias jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ó sì gùn títí dé ìtòsí ìrù. Ti Heterobranchus kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹbẹ kejì sì wà, èyí tó nípọn, tó jẹ́ ọ̀rá àti awọ, tí kò ní ọ̀pá tín-ín-rín kankan nínú. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ yín yóò mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀ ọ́n.

Láàárín àwọn Heterobranchus fúnra wọn, kíkà ọ̀pá lẹbẹ ẹ̀yìn ló ń yanjú ọ̀rọ̀: ti Heterobranchus longifilis kì í ju 35 lọ, ti Heterobranchus bidorsalis sì máa ń tó 38 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Longifilis tún sábà máa ń ní àbàwọ́n dúdú ní ìparí lẹbẹ ọlọ́ràá rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ nìyẹn náà, ẹ má fi òun nìkan ṣe ìdájọ́. Ibi tó le jù ni ti ẹja àdàlù tí àwọn tó ń sin ẹja ń mú jáde láti ara Clarias àti Heterobranchus. Òun náà ní lẹbẹ ọlọ́ràá, àmọ́ ó kéré. Bí ẹ bá rí lẹbẹ ọlọ́ràá tí kò tó bó ṣe yẹ kó tó lára ẹja tó ti dàgbà, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá inú adágún ni wọ́n ti kó o wá tàbí inú ọ̀sà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Ti ẹpìyà nílò sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ jù. Oreochromis niloticus ní ìlà tó dúró gbọọrọ, tó tẹ̀léra létòlétò, jákèjádò lẹbẹ ìrù rẹ̀. Coptodon zillii, tí àwọn ìwé àtijọ́ ń pè ní Tilapia zillii, kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àbàwọ́n dúdú kan ní apá ẹ̀yìn lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Sarotherodon melanotheron, tó fẹ́ràn omi tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, sábà máa ń dúdú lábẹ́ àgbọ̀n bí ó bá ti dàgbà. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ọmọ ẹja, torí pé ọmọ Oreochromis àti ọmọ Sarotherodon náà máa ń ní àbàwọ́n orí lẹbẹ yẹn kí wọ́n tó dàgbà kúrò nínú rẹ̀.

Bí iyèméjì bá wà, ẹ ṣí ìdérí ibi ìmí, kí ẹ sì wo egungun àkọ́kọ́ tó tẹ̀ kọrọdọ níbẹ̀. Àwọn ṣóńṣó tó tò sí i bí eyín òòyà ni ìwé ń pè ní gill raker. Ẹ ka èyí tó wà ní apá ìsàlẹ̀ nìkan. Ti Coptodon zillii kì í ju 12 lọ, torí pé ewéko ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Ti Oreochromis niloticus, tó ń sẹ́ ohun wíwẹ́ inú omi jẹ, máa ń tó 18 ó kéré tán. Kíkà yìí wúlò pàápàá fún ẹja tí àwọ̀ rẹ̀ ti lọ pátápátá.

Ẹ máa bi àwọn bàbá apẹja àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n mọ omi tí ẹja kọ̀ọ̀kan ń gbé àti àwọ̀n tó ń mú un, ìmọ̀ yìí sì máa ń dín iye orúkọ tí ẹ ní láti yàn láàárín wọn kù. Síbẹ̀, ohun tí ẹ fojú ara yín rí lára ẹja ni kí ẹ kọ ṣáájú orúkọ.

Bí orúkọ kò bá dá yín lójú, ẹ kọ apá àkọ́kọ́ orúkọ náà nìkan, bíi Clarias tàbí Coptodon lásán, kí ẹ dá a dúró níbẹ̀. Ẹ ya àwòrán ẹ̀gbẹ́ òsì ẹja náà pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó tó wọ inú fọ́málíìnì, ìyẹn oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹja jẹrà, nítorí pé fọ́málíìnì máa ń pa àwọ̀ rẹ́. Bí ẹja bá tóbi, ẹ la ikùn rẹ̀ díẹ̀ kí oògùn lè dé inú. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọjọ́, ibi tí wọ́n ti mú un àti irú àwọ̀n tí wọ́n fi mú un sórí bébà tó nípọn, inú ìgò náà gan-an ni kí ẹ sì fi bébà ọ̀hún sí, torí pé èyí tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ìta ìgò lè ṣí kúrò.