Ọjọ́ Sátidé lórí Regent's Canal: kí èrò tó wọlé, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ

Sátidé, oṣù Ọ̀wàrà. Òjò rọ̀ lóru, ẹ̀bá omi ń yọ̀, ewé igi sì ti bo orí ọkọ̀.

Èrò mọ́kànlá ni àwa olùyọ̀ǹda ẹgbẹ́ aláàánú tó ní ọkọ̀ kó lónìí lórí kánáàlì yìí, ipa omi tí wọ́n gbẹ́ gba inú London, àwọn àgbàlagbà láti Hackney, méjì nínú wọn lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Méjìlá ni òpin. Bí ẹyọ kan bá lé e, òfin ọkọ̀ akérò ńlá ló máa mú wa nìyẹn, àyẹ̀wò mìíràn àti ìwé àṣẹ atukọ̀ mìíràn ló sì máa béèrè. Ẹni tó ń gba orúkọ èrò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ojú kì í tì láti sọ pé "ó ti kún". Bí ẹnìkan bá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ dání wá láìsọ tẹ́lẹ̀, a máa ka ọmọ náà mọ́ wọn. Ọmọ ọwọ́ náà, àwa máa ń kà á.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wá yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ẹgbẹ́ aláàánú tó ní ọkọ̀, ìtọ́kọ̀ lojú rẹ̀ máa ń wà. Kò burú, a máa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìtọ́kọ̀ ló kéré jù nínú iṣẹ́ yìí. Inú ihò ẹ́ńjìnì tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò ni ọkọ̀ ti ń bàjẹ́, nídìí lọ́ọ̀kù (yàrá omi oní-géètì tó ń gbé ọkọ̀ láti ipele omi kan sí òmíràn) tí wọ́n kánjú ṣí sì ni èèyàn ti ń fara pa.

Aago mẹ́jọ la ṣí pákó ẹ̀yìn. Omi díẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì kì í ṣe ìyọnu. Èyí tó ní òróró lójú ni ìyọnu, torí pọ́ǹpù tó ń fa omi ìsàlẹ̀ jáde kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, inú kánáàlì ló máa da gbogbo rẹ̀ sí. Tí a bá rí òróró, a máa pa pọ́ǹpù náà ná, a ó fi pádì tó ń fa òróró gbẹ ẹ́, ká tó tàn án padà. Lẹ́yìn náà la wo ọ́ìlì, omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára, àti bẹ́líìtì: fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín ibi tó gùn jù, kó lọ sílẹ̀ bí ìdajì ínǹṣì. Bó bá dẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bátìrì ò ní gba iná dáadáa, ìrọ̀lẹ́ lẹ máa tó mọ̀, nígbà tí lífìtì kẹ̀kẹ́ bá kọ̀ láti gbéra.

Ibi tí irin pùròpẹ́là gbà jáde sínú omi tún nílò àkíyèsí. Okùn tí wọ́n fi gíríìsì pa ló dí i. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń rí i pé ó ń kán, wọ́n á fẹ́ mú un le títí kò fi ní kán mọ́. Ẹ má ṣe é! Ó yẹ kó máa kán díẹ̀ tí irin bá ń yí. Bó bá gbẹ pátápátá, ó máa gbóná, á sì máa jẹ irin náà lára. Ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn wákàtí kan: bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, ó dáa, bí ẹ ò bá lè gbọ́wọ́ lé e, wọ́n ti dì í jù.

Níwájú ọkọ̀, nínú àpótí tí sílíńdà gáàsì wà, ihò kéékèèké wà nísàlẹ̀. Ewé ti dí ọ̀kan pa lónìí. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ìsàlẹ̀ ló ń wá, àwọn ihò yẹn ló sì yẹ kó gbà jáde. Bí wọ́n bá dí, inú ọkọ̀ ló máa rọra kún. Igi tín-ín-rín kan ló tó láti fi gún un. Lẹ́yìn ìyẹn la tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ fún èéfín olóró kó dún, ká tó dáná tíì.

Okùn àárín, èyí tí a so mọ́ orí ọkọ̀, kò gbọdọ̀ gùn tó ibi tí pùròpẹ́là wà. Bó bá jábọ́ sómi, kó má lè dé ibẹ̀.

Àwọn èrò dé láago mẹ́wàá ààbọ̀. Àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ la kọ́kọ́ gbé. Ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára lífìtì, ẹ má fojú díwọ̀n. Kẹ̀kẹ́ oníná lè ju kílò 100 lọ kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ tó kún un. A máa pa iná kẹ̀kẹ́ náà, torí bí apá bá ṣèèṣì kan ọ̀pá ìdarí rẹ̀ lórí lífìtì, á ṣí lọ. A ti búrẹ́kì méjèèjì, a gbé ìdènà iwájú sókè, ẹnìkan ló sì ń tẹ bọ́tìnnì, ẹni náà ò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mìíràn. Nínú ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ méjèèjì lọ sí àárín, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kan náà, torí ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 7, ó sì máa ń tètè fì.

Màmá kan tó wọ ìró àti bùbá lábẹ́ kóòtù bèèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé omi yìí jìn?"

"Kò jìn, Màmá. Yàtọ̀ sí inú lọ́ọ̀kù, kò sábà kọjá àyà yín. Bí ẹnikẹ́ni bá jábọ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, kó dìde dúró ni."

"Àmín. Ṣùgbọ́n èmi ò ní kúrò lórí àga yìí."

Ìdáhùn yẹn kì í ṣe àwàdà. Bí ẹnìkan bá jábọ́, ohun àkọ́kọ́ ni kí atukọ̀ yọ ẹ́ńjìnì kúrò nínú jíà. Ẹ má ṣe fi rìfáàsì padà lọ bá a, torí pùròpẹ́là ni ẹ máa fà wá bá a. Ẹ pè é kó dìde, ẹ ju okùn sí i, kó rìn wá sí ẹ̀bá. Ìkìlọ̀ kejì tí a kì í fò ni pé kí gbogbo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wà nínú. Ọkọ̀ náà ju tọ́ọ̀nù 15 lọ. Ẹsẹ̀ tí wọ́n bá nà jáde láti fi ti ògiri, egungun rẹ̀ ló máa kán, ọkọ̀ ò ní mọ̀.

Ìwọ̀-oòrùn la dorí kọ, Acton's Lock, Sturt's Lock, City Road Lock, kí a tó wọ ihò Islington, ibi tí kánáàlì gba abẹ́ ilẹ̀, kí a sì dé King's Cross. Níbi tí ọkọ̀ bá so mọ́ ẹ̀bá, a máa ń dín eré kù pátápátá. Òfin ní máìlì 4 ní wákàtí kan ni òpin eré, àmọ́ ìyẹn pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n so. Bí ọkọ̀ bá ń sáré nínú omi tóóró, ó máa ń fa omi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ọkọ̀ tí wọ́n so á tẹ̀lé omi náà, irin tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ á sì fà tu. Ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀ ló máa jáde wá bá yín wí, kò sì jẹ̀bi.

Acton's Lock. Ibí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀.

Òkè là ń lọ, nítorí náà a wọlé láti ìsàlẹ̀, a ti géètì ẹ̀yìn wa. Paddle ni pátákó tó dí ihò tí omi ń gbà, windlass ni irin tí a fi ń yí i sókè. Ẹ ti windlass wọlé dé ìdí, kó má jẹ́ etí-etí ló dúró. Ẹ rí i pé ìkọ́ irin ti há sáàárín eyín jíà kí ẹ tó sinmi ọwọ́, kí ẹ sì yọ windlass kúrò lójú ẹsẹ̀. Bí ìkọ́ bá yọ tí windlass sì wà níbẹ̀, á máa yí bíríbírí, ọwọ́ tó bá nà láti gbá a mú á kán. Ẹ fi sílẹ̀ kó yí. Paddle kì í sunkún.

Ìdajì la kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà a wo ojú atukọ̀. Òun nìkan ló ń pàṣẹ, ó sì máa ń gbé ọwọ́ sókè; ariwo omi kì í jẹ́ ká gbọ́ ẹnu. Bí ẹ bá ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, omi á gbé ọkọ̀ síwá sẹ́yìn, tíì gbígbóná á sì dà sí ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Ní lọ́ọ̀kù tí paddle bá wà lára géètì òkè, ẹ má ṣí i títí omi fi bo ihò rẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iwájú ọkọ̀ ni omi náà máa ya sí. Bí géètì ò bá sì ṣí, omi ò tíì dọ́gba nìyẹn. Ìyàtọ̀ díẹ̀ péré lè ju agbára yín lọ, ẹ dúró.

Lọ́ọ̀kù tó fẹ̀ báyìí ń lo omi tó lé ní 50,000 gálọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lè wọ̀ ọ́ ní ẹ̀gbẹ́-ẹ̀gbẹ́, torí náà bí a bá rí ọkọ̀ mìíràn lọ́ọ̀ọ́kán, a máa ń dúró dè é. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, omi sì ṣọ̀wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 1820 tí wọ́n parí kánáàlì yìí dé Limehouse, méjì-méjì ni wọ́n kọ́ lọ́ọ̀kù rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí tó wà ní Camden, wọ́n ti sọ ọ̀kan nínú méjì-méjì náà di ibi tí omi àjẹṣẹ́kù ń ṣàn gbà. Ìyẹn ló ń fa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí òjò bá ti rọ̀, bíi ti òní. Ẹ wo ojú omi kí ẹ tó wọlé.

Olùyọ̀ǹda kan tó ń ṣọ́ lọ́ọ̀kù fún Canal & River Trust bá wa dá géètì padà. Láti 2012 ni ẹgbẹ́ aláàánú yẹn ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ British Waterways, ipa omi bíi máìlì 2,000 ní England àti Wales ló sì wà lọ́wọ́ wọn. Owó ò lè tó fún un láìsí àwọn olùyọ̀ǹda.

Kí a tó dé ihò Islington, èéfín ẹ́ńjìnì dúdú, ọ̀pá ìtọ́kọ̀ ń gbọ̀n, ọkọ̀ ò sì lọ mọ́. Nǹkan ti wé mọ́ pùròpẹ́là. A so ọkọ̀, a pa ẹ́ńjìnì, kọ́kọ́rọ́ wọ àpò ẹni tó máa tọwọ́ bọ̀ ọ́, kì í ṣe àpò ẹlòmíràn. A tú ìdérí ihò tó wà lókè pùròpẹ́là, a tọwọ́ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó nípọn: jákẹ́ẹ̀tì òjò àti wáyà kan. Ọ̀bẹ búrẹ́dì ló ń gé aṣọ dáadáa, ayùn irin ló ń gé wáyà. Inú àpò ìdọ̀tí ni wọ́n lọ. Kí wọ́n má padà sómi, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n máa mú. Lẹ́yìn náà ni ohun tó ti ri ọkọ̀ tó pọ̀: wọ́n gbàgbé láti dé ìdérí náà padà, tàbí wọn ò dé e le. Bí ẹ́ńjìnì bá yí, pùròpẹ́là á máa fọ́n omi wọlé láti ibẹ̀. Ẹ dì í, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ fi jíà sí i, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo etí rẹ̀ yíká.

Ihò Islington gùn tó yáàdì 960, ó gún gbọọrọ, ẹ máa rí òdìkejì. Bí iná ọkọ̀ mìíràn bá wà nínú rẹ̀, ẹ dúró. Kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Láyé àtijọ́ orí òkè ni wọ́n máa ń mú ẹṣin gbà, àwọn ọkùnrin á dùbúlẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ti ògiri kí ọkọ̀ lè lọ. Bàbá kan tó ti gbé ní Peckham rí sọ pé òun ò mọ̀ pé kánáàlì wà ní London. A sọ fún un pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó lọ láti ìdí ilé ìkàwé Peckham dé Burgess Park, kánáàlì ni tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ tó ń kó pákó ló ń gbà á, kí wọ́n tó dí i pa. Ó ní òun ti rin ọ̀nà yẹn lọ sọ́jà láìmọye ìgbà.

Ìpadàbọ̀ ló léwu jù, nítorí ìsàlẹ̀ là ń lọ. Lábẹ́ géètì òkè, pèpéle òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní cill, omi bò ó tí lọ́ọ̀kù bá kún. Bí ìdí ọkọ̀ bá wà lókè rẹ̀, omi á lọ sílẹ̀, ìdí á há, iwájú á máa rì. Ìlà funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀ síwájú. Bó bá há, ẹ ti paddle ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ wá rọra ṣí ti òkè kí omi gbé e kúrò. Ẹ̀rù ló máa ń mú kí wọ́n ṣe é lódì, ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ sókè kí á tó wọ lọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́bàá Sturt's Lock, a pàdé àwọn olùyọ̀ǹda tó ń kó ìdọ̀tí. Kẹ̀kẹ́ ìrajà àti taya ni wọ́n ń fi ìkọ́ fà jáde. Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun à-fọwọ́-mú: ẹ̀mú ni, inú ike líle ni. Kí wọ́n fi báńdéèjì tí omi ò lè wọ̀ bo ojú egbò, kí wọ́n fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, torí ìtọ̀ eku nínú omi lè fa àrùn Weil. Ó ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà: ara gbígbóná, orí fífọ́, ẹran ara ríro. Ẹni tó bá ti ilé wá máa rò pé ibà lásán ni. Kó sọ fún dókítà pé òun ti fọwọ́ kan omi kánáàlì.

Aago mẹ́ta ni èrò sọ̀kalẹ̀. A fún gíríìsì ní yíyí kan níbi irin pùròpẹ́là títí ó fi le lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ nígbà tó bá ń forúkọ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ihò èémí táńkì lára ọkọ̀, kí nǹkan má dí i. Bó bá dí tí pọ́ǹpù sì ń fà á, táńkì lè rún. Ẹ fà á títí ohun tó wà nínú ìgò ìwò fi mọ́, ẹ bu omi sí i, ẹ tún fà á.

Ohun tí a kọ sínú ìwé ọkọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ ní Tuesday: sílíńdà gáàsì kejì ló ń ṣiṣẹ́, èkíní ti tán. Irin ìdèkọ̀ kan ti tẹ̀, ó wà lábẹ́ àga iwájú, ẹ má lò ó. Ìbọ̀wọ́ ihò pùròpẹ́là ti ya, ẹ ra òmíràn.