Ìwé jẹ́ akọ, ilé jẹ́ abo: ìbẹ̀rẹ̀ gírámà èdè Ítálì

"Ó" kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin, obìnrin, ajá àti àga. Ìdí nìyí tí èdè Ítálì fi ń da orí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun rú: ìwé jẹ́ akọ (il libro), ilé jẹ́ abo (la casa). Il àti la ni ọ̀rọ̀ kékeré tó ń ṣáájú: il fún akọ, la fún abo. Ẹ má wá ìdí rẹ̀ lọ. Ẹ wo ìparí ọ̀rọ̀: -o sábà máa ń jẹ́ akọ, -a sábà máa ń jẹ́ abo. Bí ó bá di púpọ̀, libro á di libri, casa á di case.

Àwọn tó parí sí -e ni ìjọ̀ngbọ̀n. Il pane, búrẹ́dì, akọ ni. La chiave, kọ́kọ́rọ́, abo ni. Kò sì sí àmì kankan lára wọn. La mano, ọwọ́, fi -o parí, síbẹ̀ abo ni. Nítorí náà, ẹ má kọ chiave lásán sínú ìwé yín. La chiave ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì máa pè é pọ̀ bẹ́ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa há a sórí lẹ́ẹ̀mejì.

Il náà kì í dúró lójú kan. Níwájú z, tàbí s tí kọ́ńsónáǹtì mìíràn tẹ̀ lé, lo ni: lo zio (arákùnrin bàbá tàbí ìyá), lo studente (akẹ́kọ̀ọ́). Ṣùgbọ́n il nuovo studente (akẹ́kọ̀ọ́ tuntun) ni wọ́n ń sọ, torí ọ̀rọ̀ tó kàn án gan-an ló ń wò, kì í wo studente tó wà lókèèrè.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà: mo sọ̀rọ̀, o sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀. Tiwọn ń yí: parlo, parli, parla, parliamo, parlate, parlano. Ìparí yẹn ti sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, io (èmi) kò pọn dandan mọ́. Ẹni tó ń sọ pé io parlo, io mangio, io vado ń dún létí wọn bí ẹni tó ń pariwo pé "èmi ni mo sọ̀rọ̀, èmi ni mo jẹun, èmi ni mo lọ".

Ọ̀wọ̀ ńkọ́? Nítorí "ẹ" tiwa, ọmọ Yorùbá á fẹ́ fi voi, ti ẹni púpọ̀, kí àgbàlagbà. Lei ni kó lò, kó sì lo ọ̀rọ̀-ìṣe ti "ó": Come sta? (báwo ni?), kì í ṣe Come stai? Ọkùnrin pàápàá, Lei ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò bí "ó" fún obìnrin. Lápá gúúsù, bíi Napoli, ẹ ṣì lè gbọ́ voi fún àgbà, ṣùgbọ́n ẹ di Lei mú ná.