Kí Àlejò Tó Dé Sílé Mi ní Sùúrùlérè: Bí Mo Ṣe Ń Fọ Ilé àti Òórùn Tí Mo Ń Gbà Láyè

Imú ni àlejò kọ́kọ́ fi ń wọlé. Kò tíì gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀, kò tíì béèrè bóyá iná wà, imú rẹ̀ ti sọ fún un bóyá ibi tó fẹ́ sùn sí dára tàbí kò dára. Ilé oníyàrá méjì kan ni mo fi ń gba àlejò ní Sùúrùlérè, kò jìnnà sí Bode Thomas. Short-let ni. Ẹlòmíràn á sùn ọjọ́ méjì, ẹlòmíràn á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìsìnkú ló ń gbé àwọn kan wá, ìgbéyàwó ló ń gbé àwọn míì wá, tó bá sì di Disẹ́ńbà, àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà á máa du ilé mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ohun tí mo dì mú nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí àlejò ṣílẹ̀kùn kó má gbóòórùn nǹkan kan. Ẹ má fi òórùn òdòdó pàdé rẹ̀, ẹ má fi Izal pàdé rẹ̀, ẹ má fi fàńílà pàdé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mí.

Ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ ṣòro fún màmá tó ń bá mi tọ́jú ilé náà. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n ti fọ ilé olówó ní Ìkòyí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó mọra. Wọ́n ní, "Àǹtí, tí wọn ò bá gbóòórùn Izal, wọ́n á ní a ò fọ balùwẹ̀ o." Ohun tí wọ́n ń sọ yé mi. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà, òórùn Izal ni ẹ̀rí pé wọ́n ti fọlẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn yẹn náà ló ń pàdé èèyàn ní ọsibítù. Ẹni tó wá sìnkú ìyá rẹ̀, tó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó ti ibùsùn wọn ní wọ́ọ̀dù, kò yẹ kó tún pàdé wọ́ọ̀dù yẹn nínú yàrá tó fi owó rẹ̀ gbà. Mo ṣàlàyé èyí fún màmá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ó yé mi." Láti ọjọ́ náà, ọṣẹ àti omi gbígbóná ni à ń fi fọlẹ̀. Tí a bá fi Hypo nu balùwẹ̀, omi tó mọ́ la fi ń ṣàn án lẹ́yìn náà títí òórùn rẹ̀ á fi lọ.

Sùúrùlérè ní àwọn ilé kan tí ọjọ́ orí wọn ti pọ̀. Láti ọdún 1955 lọ ni ìjọba ti ń wó àwọn ilé tó há pọ̀ ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, ibí sì ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn wá. Ilé tí mo gbà kì í ṣe ọ̀kan lára àwọn ilé ìgbà náà gan-an, ṣùgbọ́n òun náà ti dàgbà, fèrèsé lúfà rẹ̀ sì ṣì wà. Nígbà tí bàbá onílé fẹ́ tún ilé ṣe, wọ́n fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi ṣíláídì sí i. Mo bẹ̀ wọ́n pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ilé ìdáná àti ti balùwẹ̀ sílẹ̀ fún mi." Tí ẹ bá ṣí lúfà, gbogbo ojú fèrèsé ló ń gba atẹ́gùn wọlé. Ṣíláídì kì í ṣí ju ìdajì lọ. Nígbà òjò, láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Keje, ìdajì yẹn kò tó fún balùwẹ̀ tí èèyàn mẹ́rin ń wẹ̀ níbẹ̀. Ìdọ̀tí dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní kọ̀rọ̀ ògiri, òórùn ọ̀rinrin á wọ tówẹ̀lì. Kò sí nǹkan tí ẹ lè fín sí i tó máa gbọ́. Afẹ́fẹ́ àti gbígbẹ ni oògùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òórùn tó ń lé àlejò sá jù ní Èkó, inú páìpù ló ti ń wá, ọ̀pọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni kò sì mọ̀. Wọ́n á fọlẹ̀, wọ́n á fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, wọ́n á paààrọ̀ gbogbo aṣọ, òórùn náà á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ síǹkì, ẹ ó rí i pé páìpù náà ká wálẹ̀, ó tún ká sókè kó tó wọ inú ògiri. Omi díẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró níbi tó ká sí yẹn nígbà gbogbo. Omi náà ló ń dí ọ̀nà mọ́ afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti sókàwéè. Tí ilé bá wà lófìfo fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan ń gbẹ, omi yẹn á gbẹ, ọ̀nà á sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ihò ilẹ̀ balùwẹ̀ ni wọ́n ń gbàgbé jù, torí ẹni tó bá ń wẹ̀ nínú ọpọ́n kì í da omi síbẹ̀. Tí ilé mi bá ṣófo, màmá á yà síbẹ̀, wọ́n á da omi sí gbogbo ihò, wọ́n á fa omi tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Tí a bá mọ̀ pé kò ní sí èèyàn fún ìgbà pípẹ́, a máa ń da òróró ṣíbí kan lé omi náà lórí, kí ó má baà tètè gbẹ. Kò ná wa ní nǹkan kan. Mo ti wọ short-let olówó ńlá ní apá Erékùṣù tí wọ́n to agolo air freshener sórí tábìlì, tí ihò ilẹ̀ balùwẹ̀ wọn gbẹ fúrúfúrú.

Omi bọ́hóòlù ládùúgbò wa ní irin nínú. Ẹ ó rí i lára bókẹ́ẹ̀tì, á pọ́n bí ìpẹtà. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun sì ni àlejò fẹ́ràn, torí ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó mọ́. Tí ẹ bá rí àbàwọ́n ìpẹtà lára aṣọ funfun, ẹ má sáré bu Hypo lé e. Ṣe ni yóò tún mú irin náà wọ aṣọ ṣinṣin, àbàwọ́n á sì le sí i. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni kí ẹ fi ra á, kí ẹ sá a sí oòrùn, kí ẹ wá fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa. A máa ń fa omi sínú dúrọ́ọ̀mù di ọjọ́ kejì kí irin tó wà nínú rẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀, omi tó wà lókè la fi ń fọ aṣọ funfun. Oòrùn ló ń bá wa gbẹ aṣọ, áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló sì ń parí iṣẹ́. Mi ò gba aṣọ tí wọ́n fi sọ́fútínà olóòórùn rẹpẹtẹ fọ̀, torí ìrọ̀rí ni imú àti ẹnu ẹni tó sùn máa wà mọ́jú.

Nǹkan kan wà tí mi ò fi ṣeré rárá: ẹ má po Hypo mọ́ oògùn ìfọtọ́ílẹ́ẹ̀tì tó ní ásíìdì nínú, ẹ má sì pò ó mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà. Gáàsì klóríìnì ló ń ti ibẹ̀ jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá nínú balùwẹ̀ kékeré. Mo ní kí màmá gbé ọ̀kan sí ilé ìdáná, kí wọ́n gbé èkejì sí ẹ̀yìnkùlé, kí ọwọ́ má baà kan àwọn méjèèjì pọ̀.

Ó wá kan káńfọ̀. Gbogbo ilé ni wọ́n ti ń jù ú sínú wọ́dúróòbù, sínú síǹkì, kódà sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní naphthalene ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, pàápàá ọkùnrin, ni wọ́n bí pẹ̀lú àìtó èròjà inú ẹ̀jẹ̀ kan tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, òbí sì lè má mọ̀. Bí irú ọmọ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, tàbí tí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n kó pamọ́ pẹ̀lú káńfọ̀ wé e, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ojú rẹ̀ á pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, tó bá sì le, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Èmi ń gba àlejò tó ń gbé ọmọ tuntun wá kí àwọn òbí wọn àgbà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi káńfọ̀ sínú àpótí aṣọ tí wọ́n máa fi bò ó? Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nílé mi. Aṣọ tó bá gbẹ dáadáa, tí a dì sínú ọ̀rá tí a so ẹnu rẹ̀, kò nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Sniper, oògùn apakòkòrò, náà rèé. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní dichlorvos ló wà nínú rẹ̀, oko la ṣe é fún. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń fín in sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ìdun àti aáyán. A ti gbọ́ ìròyìn àwọn tó sùn sínú yàrá tí wọ́n fín in sí tí wọn ò jí mọ́. Fún ìdun, ooru ni mo gbẹ́kẹ̀ lé: omi gbígbóná gan-an fún aṣọ, áyọ́ọ̀nù onísítíìmù lójú rírán fóòmù, kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Fún aáyán, ẹ má fi àwo ẹlẹ́gbin sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ sì dí ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù.

Ṣé mi ò wá fẹ́ òórùn dídùn rárá ni? Mo fẹ́ ẹ. Mo kàn gbà pé ẹni tó ń sùn níbẹ̀ ló yẹ kó yan tirẹ̀. Àwọn àlejò a máa se pańla, wọ́n á din ẹja, wọ́n á dá irú sí ẹ̀fọ́, ẹ̀tọ́ wọn sì ni, ilé oúnjẹ Yorùbá ni wọ́n wá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ, a ó ṣí gbogbo lúfà, a ó wá gbé omi kaná pẹ̀lú èèpo ọsàn, kànáfùrù díẹ̀ àti ewé tíì, kó máa hó jẹ́jẹ́. Kì í pẹ́ nínú ilé, kì í sì í lẹ̀ mọ́ kọ́tìnnì. Mo ní Alhája kan tó máa ń wá láti Ìlọrin, tùràrí wọn ni wọ́n fi ń sùn. Mo ti ra agbada kékeré àti èédú sílẹ̀ dè wọ́n, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n sì ti ń fín in, wọ́n á fi aṣọ wọn gbà á, inú wọn á dùn. Tí wọ́n bá ti lọ, gbogbo kọ́tìnnì ló ń lọ sínú omi kí ẹlòmíràn tó wọlé, torí èéfín tùràrí a máa pẹ́ lára aṣọ, ẹni tó ní asthma lè tìtorí rẹ̀ má lè mí lóru. Àbẹ́là olóòórùn ni mi ò gbà rárá, nítorí kọ́tìnnì àti iná.

Kí àlejò tó sanwó ni mo ti ń béèrè: ṣé ọmọ ọwọ́ wà nínú yín, ṣé aboyún wà, ṣé ẹnì kankan ní asthma, ṣé òórùn kan wà tí ẹ ò lè fara dà? Inú àwọn kan máa ń dùn pé mo béèrè. Aboyún kan sọ fún mi pé òórùn ọṣẹ ìfọwọ́ oní-strawberry ń bi òun nínú. Ká ní mi ò béèrè, òun ni ì bá kọ́kọ́ bá nínú balùwẹ̀.

Ó ku èyí tí kò lóòórùn. Nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ ni gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide wà, imú ò lè mọ̀ ọ́n, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Jẹnẹrétọ̀ tiwa wà ní òpin ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn ògiri, kò sí fèrèsé kankan tó kọjú sí i. Ṣùgbọ́n ti aládùúgbò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá kejì, bàbá onílé ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà láti sún un. Títí wọ́n á fi sún un, yàrá kìíní nìkan ni mò ń gba owó rẹ̀.