Orí àbúrò mi

Ní Birmingham níbí, lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gun alùpùpù dé ibi iṣẹ́. Síìkì ni, ẹlẹ́sìn kan tó ti ilẹ̀ Íńdíà ṣẹ̀ wá. Láwàní ló wé, kò dé akoto. Àyà mi já. Mo ní ṣé ọlọ́pàá ò ní mú un ni? Ó ní òfin fàyè gbà á. Ní 1973 ni akoto di dandan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ní 1976, ilé aṣòfin yọ Síìkì tó bá wé láwàní sílẹ̀.

Ọkàn mi lọ sí Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dún 2009, nígbà tí ìjọba ní gbogbo ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ dé akoto. Àbúrò mi ra tirẹ̀, ó so ó kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà. Àfi tó bá rí àwọn aláṣọ ìjọba lọ́ọ̀ọ́kán kó tó gbé e lérí, kò sì ní de okùn rẹ̀. Àwọn èrò ò tilẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní àwọn ò mọ orí ẹni tó ti wọ̀ ọ́, ẹnìkan lè fi gba oríire ẹni lọ. "Àǹtí, orí mi ni, kì í ṣe orí ìjọba." Bó ṣe máa ń dá mi lóhùn nìyẹn.

Ohun tí John Stuart Mill, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní 1859 ò jìnnà sí i: ìjọba ò gbọdọ̀ fipá mú èèyàn nítorí ire ara rẹ̀, àfi kó má baà pa ẹlòmíì lára. Ó fi afárá tó ti bàjẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹnìkan bá fẹ́ gbà á láìmọ̀, tí kò sí àyè ìkìlọ̀, a lè gbá a mú, torí kò fẹ́ já sódò. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ewu lásán ni, kò dájú pé yóò já, kí a kìlọ̀ fún un, kí a fi í sílẹ̀.

Wọ́n kìlọ̀ fún àbúrò mi. Ó ṣubú lọ́nà Ìkòyí-Ilé ní 2011, akoto ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀kadà. Oṣù mẹ́rin ló fi wà nílé ìwòsàn. Ìyàwó rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ, ìyá wa gé lára oko kaṣú wọn tà. Mo fẹ́ mọ ẹni tó lè sọ fún àwọn obìnrin méjì yìí pé orí ẹ̀ nìkan ló fọ́. Mill náà gbà pé ẹni tó bá tìtorí ìwà ara rẹ̀ já ojúṣe rẹ̀ sí ìdílé sílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní tara rẹ̀ nìkan.

Òfin akoto dáa, mo dúró lórí ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé tí àbúrò mi bá ti yọ ₦200 fún àwọn aláṣọ ìjọba, wọ́n á ní kó máa lọ, lórí òfìfo. Síìkì yẹn, ilé aṣòfin ló jókòó sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní gbangba. Ta ló jókòó sọ ti àbúrò mi?

Ọmọ rẹ̀ ti ń gun ọ̀kadà báyìí. Mo fi akoto ránṣẹ́, mo sì pè é lórí fídíò kí n rí i bó ṣe dé e. Ó dé e. Bàbá rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ ọ̀tún, tó ṣì lágbára, wá okùn náà lábẹ́ àgbọ̀n ọmọ, ó ń dán an wò títí ìdè rẹ̀ fi wọlé.