Àsọtẹ́lẹ̀ Inú Bébà

Ọjọ́ ìbí àbúrò mi ló kó mi sí i. Mo wo fídíò kan tí wọ́n ti ń fi bébà ṣe fortune cookie, bisikíìtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n máa ń ká nígbà tó bá ṣì gbóná, tí wọ́n á fi ọ̀rọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn ará Ṣáínà ló ni ín, ṣùgbọ́n Japan ló ti ṣẹ̀ wá kí Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn ará Japan kan náà ló ni origami, iṣẹ́ ọnà bébà kíká. Mo ní, ṣé bébà lásán ló máa ṣorí kunkun sí mi?

Bébà ṣorí kunkun sí mi.

Ẹ ó yí pẹ́ńsù ká ẹnu ife lórí bébà, ẹ ó gé e róbótó, ẹ ó wá ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ tẹ ibi tó ti ṣẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Láti kékeré, bí mo bá ti ká bébà, èékánná mi á ti sáré gba ojú rẹ̀ kọjá. Mẹ́ta àkọ́kọ́ rí bí etí ajá tó ń sùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ó fi àtàǹpàkò ti àárín rẹ̀ wọlé, ẹ ó fa etí méjèèjì wá pàdé nísàlẹ̀, ẹ ó fi gọ́ọ̀mù kán an. Bí mo bá ti yọwọ́ báyìí, pàà! Á là bí ẹnu ẹni tó ń yán. Páálí tí mo lò ló nípọn jù. Mo yí sí bébà fẹ́lẹ́, mo fi pẹ́ẹ̀gì há a títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ. Ìkẹjọ lẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò mi, a jọ jẹun ọ̀sán ni.

Nígbà tí méjìlá pé, mo tò wọ́n, mo sún sẹ́yìn kí n lè yin ara mi. Ìgbà náà ni mo rí àsọtẹ́lẹ̀ méjèèjìlá lórí tábìlì. Mi ò fi ẹyọ kan sínú wọn! Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ wọn máa ń ṣí díẹ̀. Ẹ̀mú ni mo fi tì wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi tú tirẹ̀: "Ayọ̀ ń bọ̀ lọ́nà." A pàtẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tú tirẹ̀: "Oògùn aáyán, igo méjì."

Gbogbo ilé dákẹ́.

Ẹlòmíì ní tòun, "Ọṣẹ ìfọṣọ." Ó ronú díẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, àfi kí òun lọ wẹ ọkàn òun mọ́.

Àṣé ẹ̀yìn bébà tí mo ti kọ ètò ìnáwó oṣù sí ni mo kọ àwọn àsọtẹ́lẹ̀ náà sí kí n tó gé e, ìlà kọ̀ọ̀kan sì bọ́ sórí ègé kọ̀ọ̀kan. (Èmi tí mi ò fẹ́ kí bébà ṣòfò.) Mo sáré dìde, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti tú tirẹ̀. Ó wọ awò ojú, ó kà á sókè:

"Owó ẹ̀gbọ́n mi: ó di oṣù tó ń bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yí i padà, ẹ̀yìn lẹ ń kà yẹn!"

Ó yí i padà. "Sùúrù rẹ yóò lérè."

Ó yọ awò ojú, ó wò mí, ó tẹ́ ọwọ́.

"Oṣù wo?"