Ìyá ẹlẹ́gùúsí ní Bẹẹrẹ

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní agbo ilé kan ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, níbi tí mo ti lọ ṣe ìwádìí nípa iye èèyàn tó wà nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Mo bi ìyá àgbà kan pé, "Mà, ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan náà?" Ohun tá a fi ń mọ ìdílé kan yàtọ̀ sí èkejì nìyẹn.

Wọ́n dáwọ́ ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó dúró. "Ṣé o fẹ́ kà mí lọ́mọ ni?"

Mo yára kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n kàn dárúkọ wọn. Bí wọ́n ṣe ń dárúkọ ni wọ́n ń ju hóró ẹ̀gúsí kọ̀ọ̀kan sínú abọ́. Orúkọ ò tán bọ̀rọ̀! Wọ́n wá gbọn ọwọ́ nù: "Ìwọ lo kà á o, èmi kọ́."

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, báwo lẹ ṣe ń bi wọ́n ní tiyín?